Morákinyọ̀ Onígbàjámọ̀ àti Igi Ápù Ìyá Ṣẹ̀fíátù

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Upney, nílùú Ọba níbí, tí ẹ sì bi Yorùbá tó bá ń kọjá pé níbo ni ṣọ́ọ̀bù Morákinyọ̀ onígbàjámọ̀ wà, kó tó júwe ọ̀nà, á kọ́kọ́ wo orí yín. Bí irun bá wà níbẹ̀, á ní kí ẹ yára, nítorí èrò á ti pọ̀. Bí orí yín bá pá, á rẹ́rìn-ín, á ní kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí ọkùnrin náà ti ń gẹrun nínú yàrá kótópó yẹn: àga méjì, dígí kan tó ti là létí, àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń lọ ní Becontree. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ga, kò sanra, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àfi tí ẹnì kan bá fọwọ́ kan kílípà rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, òfin ọ̀hún sì le ju ti ìjọba lọ: orí kan, nínù kan. Bí èrò ti wù kó pọ̀ tó, bí oníbàárà ti wù kó máa wo aago tó, bí Morákinyọ̀ bá ti parí orí kan, á da sípíríìtì sí òwú, á nu ẹnu kílípà, á nu abẹ, á nu kóòmù, á wá gbé wọn sókè síbi iná, á máa wò wọ́n bí ìyá ọkọ ṣe ń wo ìkòkò tí ìyàwó ilé fọ̀. Ọkùnrin kan sọ fún un nígbà kan pé, "Boss, just cut it, mo ní train tí mo fẹ́ bá." Morákinyọ̀ bọ́ aṣọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ní kó máa bá train ẹ̀ lọ.

"Bí ẹni tó kúrò lórí àga yìí bá ní làpálàpá ńkọ́? Ṣé o fẹ́ gbé e lọ sílé fún ọmọ ẹ ni?"

Ọkùnrin náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Nǹkan kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ọwọ́ rẹ̀ dára. Mi ò sọ pé ó mọ irun gé o, ìyẹn yàtọ̀. Àwọn ọlọ́mọ gbà pé ọmọ tí Morákinyọ̀ bá gé irun ìkókó rẹ̀, irun á hù dáadáa lórí rẹ̀, ara ọmọ náà á sì balẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń pọn ọmọ wá. Òun fúnra rẹ̀ á ní, "Ọlọ́run ló ni ọwọ́, èmi kàn ń bá a di kílípà mú ni." Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ó máa ń dùn mọ́ ọn nínú.

Nígbà tó gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ kánsù nítòsí Parsloes, ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, igi ápù mẹ́rin ló bá níbẹ̀. Wọ́n ti di igbó, ẹ̀ka ń wọnú ẹ̀ka. Morákinyọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ápù, kòkó ni bàbá rẹ̀ gbìn. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, irun tó kún ni irun tó kún. Ó mú sísọ́ọ̀sì igi àti ayùn, ó sì gẹ̀ wọ́n wálẹ̀ bó ṣe ń gẹ orí, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè gba àárín wọn kọjá. Lọ́dún kejì, àwọn igi náà so débi tó fi ní láti fi ọ̀pá ti ẹ̀ka méjì lábẹ́ kí wọ́n má bàa ya. Olúfọlákẹ́, ìyàwó rẹ̀, a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé igi tí ọkọ òun bá gé, ó ku kó fi dígí han igi náà lẹ́yìn ọrùn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, agbọ̀n ápù rẹ̀ ló máa ń wà níwájú. Àwọn èèyàn á dúró tì í nínú sùtánà funfun, wọ́n á ní, "Ọwọ́ Bàbá Ayọ̀ mà dára o!" Ayọ̀mípọ̀sí lorúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Bàbá Ayọ̀.

Bó ṣe di pé àwọn tó ní igi lẹ́yìnkùlé ń ránṣẹ́ pè é nìyẹn. Wọ́n pọ̀ nígbà kan. Lónìí, púpọ̀ nínú ẹ̀yìnkùlé wọ̀nyẹn ni wọ́n ti da kankéré bò, tí wọ́n kọ́ yàrá sí, tí wọ́n fi háyà. Igi kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí Morákinyọ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ gé lọ́dọọdún, igi Ìyá Ṣẹ̀fíátù.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Ìyá Ṣẹ̀fíátù. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ni wọ́n ra ilé náà lọ́wọ́ kánsù ní Becontree, wọ́n sì bá igi ápù náà lẹ́yìnkùlé. Èso rẹ̀ kan bí ọtí kíkan. Ìyá á gé e wẹ́wẹ́, á wọ́n iyọ̀ àti ata gígún sí i, á ní ó jọ àgbálùmọ̀ tí ò tíì pọ́n. Tí oòrùn bá wà, abẹ́ igi náà ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ láti Àyìlá títí di Alásàrí. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù nítòsí rẹ̀ ni Jùwọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná. Ọmọ dáadáa ni. Gbogbo Sátidé ló ń ra ọjà wá fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń wo ẹ̀yìnkùlé yẹn, tó ń fojú wọn yàrá tó fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìjà tí wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ náà, òun àti ìyá rẹ̀ fẹnu kò.

"As long as igi yẹn bá ń ṣe dáadáa, Mum, mi ò ní fọwọ́ kàn án," ni Jùwọ́n wí. "Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ àìsàn, tó fẹ́ wó lu fẹ́ǹsì àwọn aráalé kejì, it's coming down."

Ìyá gbà. Jùwọ́n sì ti ní nọ́ńbà ọkùnrin kan tó ń gé igi lulẹ̀ nínú fóònù rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje ni Morákinyọ̀ bẹ̀rẹ̀ gígé. Ó gé méjì nínú igi tirẹ̀ láàárọ̀. Lọ́sàn-án, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ṣẹ̀fíátù, ó gé tìyá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí ṣọ́ọ̀bù máa ń wà ní títì, ó padà sóko, ó gé méjì tó kù. Gbogbo ẹ̀ lọ geere.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí, àwọn igi rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tanná. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òdòdó igi méjì fi rọ, wọ́n dúdú, wọn ò sì já bọ́. Orí àwọn ọ̀mùnú tẹ̀ wálẹ̀ kọdọrọ bí orí ọ̀pá ìtilẹ̀. Ewé wọn rí bí ẹni pé ẹnì kan gbé iná kọjá lábẹ́ wọn. Morákinyọ̀ rò pé òùngbẹ ni, ó bomi rin wọ́n. Kò gbọ́. Ó ní bóyá ebi ni, ó gbé ìgbẹ́ adìyẹ sí wọn nídìí, ṣe ni ọ̀rọ̀ náà tún ràn sí i. Ó gbàdúrà sí i lórí, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ì bá gbàdúrà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i tí oje kan tó pọ́n bí oyin ń sun lára èèpo igi.

Hamidah ló là á lójú. Ọmọbìnrin yìí ò ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, Barking níbí ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú igi inú páàkì, ilẹ̀ oko tirẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Morákinyọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó bó èèpo díẹ̀ lára ẹ̀ka kan. Abẹ́ èèpo náà pọ́n bí ẹnu ẹni tó ń jẹ obì.

"Uncle, ẹ má bínú o, but èyí kì í ṣe òùngbẹ. Fire blight ni. It's bacteria."

"Bakitéríà? Lára igi?"

"Lára igi, sir. Ó máa ń gba inú òdòdó wọlé, tàbí ojú ibi tí wọ́n ti gé igi. Òjò máa ń gbé e kiri, oyin náà máa ń gbé e. Sísọ́ọ̀sì sef máa ń gbé e." Ó gbójú sókè wò ó. "When you pruned last summer, ṣé ẹ nu sísọ́ọ̀sì yín between trees?"

Wọ́n ní bí ọmọdé bá gé igi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Lọ́jọ́ yẹn, àgbà ló gé igi, ọmọdé ló mọ ibi tó wó sí. Ọkùnrin tó lé oníbàárà kúrò lórí àga nítorí òwú àti sípíríìtì, òun ló fi sísọ́ọ̀sì kan ṣoṣo gé igi márùn-ún láìnu ún lẹ́ẹ̀kan péré. Kò tiẹ̀ sọ sí i lọ́kàn rí pé igi náà lè ní làpálàpá tirẹ̀. Ojú tì í débi pé ó yí ẹ̀yìn sí ọmọbìnrin náà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò.

Hamidah ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bó èèpo ìtí igi méjèèjì wò. Àrùn náà ti wọ inú ìtí wọn. "Àwọn méjì yìí ti lọ, Uncle. Ẹ hú wọn tegbò tegbò. Méjì tó kù mọ́ fún báyìí." Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé igi tí àrùn náà ò tíì wọ̀ nítìí: kí èèyàn bó èèpo títí yóò fi rí ibi tí pípọ́n yẹn tán sí, kó tún wá sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí i bó bá jẹ́ ẹ̀ka kékeré, méjì bó bá jẹ́ ẹ̀ka ńlá, kó tó gé e. Ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ ni kó jẹ́. Ìgbà tó bá gé e lẹ́ẹ̀kan, kó nu irinṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ohun tó bá gé, kó dì í sínú báàgì, òun á bá a gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti sun ún.

"And Uncle, igi mìíràn wo ni sísọ́ọ̀sì yẹn tún kàn?"

Igi Ìyá Ṣẹ̀fíátù ló sọ sí Morákinyọ̀ lọ́kàn. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé, ó ti ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí kan, ó lọ kí Ìyá Ṣẹ̀fíátù. Ìyá wà lábẹ́ igi. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan wà lórí ẹ̀ka tó dojú kọ fẹ́ǹsì, ó jọ pé ìyá sá a síbẹ̀ kó gbẹ ni. Bí ìyá ṣe wọlé lọ bu omi wá, Morákinyọ̀ gbé etí aṣọ náà sókè. Ó dúdú. Ó tẹ̀ kọdọrọ. Ọ̀mùnú mẹ́ta, mẹ́rin, bí tàwọn igi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó rọra sọ aṣọ náà kalẹ̀, ó mu omi, ó dúpẹ́, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ.

"Mo lè dọ́gbọ́n gé e," ló sọ fún Olúfọlákẹ́ nígbà tó délé. "Wọ́n mọ̀ pé mo máa ń wá gé e lọ́dọọdún. Mi ò ní láti sọ nǹkan kan. Tí mo bá sọ ọ́, tí Jùwọ́n gbọ́ pé igi ń ṣàìsàn, igi ti lọ nìyẹn. Èmi sì ni mo pa á."

Olúfọlákẹ́ ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. "Bí abẹ yín bá gé ẹnì kan lórí, ṣé ẹ máa ń fi pọ́ńdà bò ó, kẹ́ ẹ ní kó máa lọ sílé?"

"Rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ilẹ̀ gbẹ ní Sátidé, wọn ò sì sọ pé òjò máa rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Morákinyọ̀ gbé àkíyèsí sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé òun ò ní ṣí títí di ọ̀sán, ohun tí kò ṣe rí lọ́jọ́ Sátidé. Ó kó ayùn, sísọ́ọ̀sì, báàgì ńlá márùn-ún, ọ̀bẹ, rúlà, òwú, àti ìgò sípíríìtì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣẹ̀fíátù, kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko, aṣọ iṣẹ́ àti gbogbo ẹ̀.

"Háà! Bàbá Ayọ̀! Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Igi yín ló ń ṣàìsàn, èmi ni mo sì kó o ràn án." Ó sọ gbogbo ẹ̀ láti ilẹ̀: oko, igi méjì tó hú, Hamidah, sísọ́ọ̀sì tí kò nù. "Mo rí abẹ́ aṣọ yẹn lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé. Mo fẹ́ gé e lónìí, bóyá a lè gbà á là. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gé e láìsọ fún yín. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá Ṣẹ̀fíátù ń ka tẹ̀sùbáà, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ò mì.

"Dìde," ló wí. "Fa àga yẹn, jókòó. Ṣé Sátidé lo gé tèmi lọ́dún tó kọjá àbí Mọ́ńdè?"

"Sátidé, Màmá. Mo gé méjì nínú tèmi láàárọ̀, mo gé tiyín lọ́sàn-án, mo gé méjì tó kù ní Mọ́ńdè."

"Èwo ló kú nínú tìẹ?"

Àwọn tó gé ní Mọ́ńdè ló kú. Àwọn tó gé láàárọ̀ Sátidé, kó tó débí, wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tú ewé, kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n.

"Kó o tó wá lọ́dún tó kọjá," ni Ìyá Ṣẹ̀fíátù wí, kò wo ojú rẹ̀, "mo ti ṣẹ́ ẹ̀ka mẹ́ta kúrò lára igi yìí. Bí wọ́n ṣe rí lábẹ́ aṣọ yẹn náà ni wọ́n ṣe rí. Mo kó wọn sínú báàgì ìdọ̀tí, mo gbé e síta kí Jùwọ́n tó dé. Mo wá ránṣẹ́ sí ẹ. Gbogbo ayé ló ń sọ pé ọwọ́ ẹ dára. Mo ní tí ọwọ́ ẹ bá ti lè kàn án, ara ẹ̀ máa yá. Mi ò sọ fún ẹ torí kó o má bàa sọ fún Jùwọ́n. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mo fi aṣọ bò ó."

Inú bí Morákinyọ̀. Kí n má fi bò, inú bí i gan-an. Igi méjì tó fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú, òun fúnra rẹ̀ ló hú wọn tegbò tegbò lọ́jọ́ Tọ́sìdeé, tó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn bí ẹni ń tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. "Màmá," ó ní, "ẹ ì bá ti sọ fún mi."

"Mo mọ̀."

"Igi méjì ni mo hú."

"Mo ti gbọ́ báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́, Morákinyọ̀." Kì í fi orúkọ pè é tẹ́lẹ̀. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí."

Morákinyọ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń wo sísọ́ọ̀sì tó wà lórí koríko. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ìyá fi àrùn pa mọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ká ní òun nu irinṣẹ́ lọ́jọ́ náà bó ṣe ń nu kílípà fún orí ẹnikẹ́ni ní Upney, àṣírí ìyá ì bá wà lára igi ìyá nìkan. Ìyá gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ tó dára. Òun náà gbẹ́kẹ̀ lé e, ohun tó bà á nínú jẹ́ jù nìyẹn. Ó dìde, ó ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì náà, ó gbé e fún ìyá.

"Àrùn là ń wò, Màmá, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó dé."

Ó bó èèpo ẹ̀ka ńlá tó dojú kọ fẹ́ǹsì. Ó pọ́n. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí i, ó tún bó o. Ó ṣì pọ́n. Ìyá Ṣẹ̀fíátù dìde lórí àga, ó wá dúró tì í. Bí pípọ́n yẹn bá wọ ìtí, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ayùn Jùwọ́n ló kù. Morákinyọ̀ bó ibì kẹta. Pípọ́n náà tínrín. Ó bó ibì kẹrin, igi náà funfun, ó tutù, ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ létí. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ dé ibi tí ẹ̀ka ti so mọ́ ìtí. Ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ìwọ̀n ìka mẹ́ta.

"Ó tó," ló wí. "Ó tó, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́ kù. Gbogbo ẹ̀ka yìí ló máa lọ, Màmá. Apá kan igi yín máa ṣófo."

"Gé e."

Ó kọ́kọ́ gé àwọn ọ̀mùnú tó dúdú kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́. Bó ṣe gé èyí àkọ́kọ́, tó fẹ́ gbé sísọ́ọ̀sì lọ sí ìkejì, ìyá na ọwọ́.

"Mú un wá."

Ó ti da sípíríìtì sí òwú. Ó nu ẹnu irin náà níhà méjèèjì, ó gbé e sókè, ó fi ojú rẹ̀ tí kò ríran tó mọ́ wò ó, kó tó dá a padà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó gé, ìyá nù ún. Nígbà kan tí Morákinyọ̀ fẹ́ gé méjì léra wọn, ìyá pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé orí ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ gé. Morákinyọ̀ sì bẹ̀ ẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó gbé ayùn, ó gé ẹ̀ka ńlá náà láti ibi tó ti so mọ́ ìtí. Ojú ibi tó gé funfun, ó mọ́ kedere. Igi náà wá dà bí ẹni tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀ tí wọ́n gbàgbé apá kejì. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí Morákinyọ̀ ṣe láyé, kò sí èyí tó burẹ́wà tó o.

Ibẹ̀ ni Jùwọ́n bá wọn. Ó gbé báàgì ọjà méjì lọ́wọ́, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Mum? Kí lẹ ń ṣe? Ẹ káàárọ̀, Uncle." Ó wo igi, ó wo báàgì márùn-ún tó kún, ó wo ewé dúdú tó yọ lẹ́nu ọ̀kan. "It's sick, innit?"

Morákinyọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá ṣáájú rẹ̀. "Ó ń ṣàìsàn. Ó ti ń ṣàìsàn láti ọdún tó kọjá. Èmi ni mo fi pa mọ́ fún ẹ, mo sì fi ba oko Bàbá Ayọ̀ jẹ́."

Jùwọ́n ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá rọrùn. Ó gbé ọjà sílẹ̀, ó yọ fóònù. "A jọ sọ ọ́, Mum. We agreed." Ó tẹ nọ́ńbà náà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń dún, ó kọjú sí Morákinyọ̀. "Uncle, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Honestly. Ṣé ó máa yè?"

Ó rọrùn láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ wo ni kì í purọ́ fún oníbàárà pé irun náà bá ojú ẹ̀ mu? Morákinyọ̀ nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ibi tí a gé e dé mọ́. Ṣùgbọ́n ó lè yọ níbòmíràn. Tó bá ti tanná, a gbọ́dọ̀ máa wò ó lójoojúmọ́, tí òdòdó kan bá yọ lẹ́yìn àsìkò, ká já a dànù. Hamidah ní ó máa tó ọdún méjì kéèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà."

"Ọdún méjì," ni Ìyá Ṣẹ̀fíátù wí. Ó ń fi ìka ṣírò. "Mo máa ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin nígbà yẹn. Ó dáa. Màá máa wò ó láàárọ̀ kí n tó jẹun. Jùwọ́n, tó o bá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bá mi ra sípíríìtì méjì. Eléyìí ti ń tán."

Láti ọdún mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ ti kú, Jùwọ́n ò gbọ́ kí ìyá rẹ̀ dárúkọ ọjọ́ tó jìnnà ju Jímọ̀ tó ń bọ̀ lọ. Bí wọ́n bá fún un ní ọjọ́ tí yóò rí dókítà lóṣù méjì síwájú, á ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí òun bá ṣì wà. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀, á ní kí wọ́n bá òun kí wọn. Ó dúró síbẹ̀ tó ń wo ìka ìyá rẹ̀ méjèèjì tó ṣì nà sókè.

"Hello?" Ọkùnrin agégi náà ti gbé fóònù. "Jùwọ́n, mate? You want that tree done?"

"Nah," ni Jùwọ́n wí. Ó tún un sọ. "Nah, leave it, bruv. Call me in two years."